Owó-orí Èrè Tí Jemimah Kò Jẹ

Bí inú bá bí àwọn obìnrin kan, wọ́n á pariwo, wọ́n á ju nǹkan, nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á ti gbàgbé. Jemimah Ìbídàpọ̀ kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Tirẹ̀ ni pé á gbé ìbínú náà sínú, á máa tọ́jú ẹ̀, á máa fún un lóúnjẹ, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun lóyún. Ọjọ́ tó bá bí i ni ayé tó mọ̀. Ẹ má rò pé mo ń bú u o. Mo fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó máa ń sọ pé ká dárí jì, ká dárí jì, ẹ wò wọ́n dáadáa, ọ̀pọ̀ wọn ni ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe ní nǹkan kan.

Ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ló ní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó lọ sí Ìkàrẹ́, níbi téèyàn ti ń jáde kúrò nílùú Ọ̀wọ̀. Omi ló kọ́kọ́ ń pọn fún àwọn tó ń yọ búlọ́ọ̀kù nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ. Akínwọlé ọkọ ẹ̀, tó jẹ́ akọ̀wé ní káńsù, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó lòun rò pé òun fẹ́, òun ò mọ̀ pé lébìrà ni. Ó fi í ṣẹ̀sín títí, owó búlọ́ọ̀kù yẹn náà ni wọ́n sì fi kan òrùlé ilé wọn. Jemimah á ki ọwọ́ bọ yanrìn, á fún un, á sọ fún ẹ bóyá odò ló ti wá tàbí ẹ̀gbẹ́ títì. Kì í ṣahun sìmẹ́ǹtì. Nígbà kan, agbaṣẹ́ṣe kan sọ ní gbangba pé búlọ́ọ̀kù ẹ̀ ló jẹ́ kí ògiri òun wó. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bí àwọn èèyàn ṣe ń jáde ní Máàsì, Jemimah ti dúró lórí ọkọ̀ akẹ́rù níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́. Ó jù ú sílẹ̀ látòkè. Ó ní kí wọ́n gbé e wá, ó tún jù ú. Búlọ́ọ̀kù ò fọ́. Agbaṣẹ́ṣe náà wà láàárín èrò pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀. Àkúrẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí.

Akínwọlé kú sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Owó tí ìjọba san lórí ikú ẹ̀ wọ ọwọ́ Jemimah, kò sì fẹ́ fọwọ́ kàn án, torí ó ní owó ọmọ ni, ti Praise, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ọkọ ẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Omijé ò tíì gbẹ lójú ẹ̀ tí Gbọ́lá fi dé. Gbọ́lá ni àbúrò Akínwọlé, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ilé kí Jemimah tó wọlé bí ìyàwó, nítorí náà ọkọ ló jẹ́ fún un. Kì í la orúkọ mọ́ ọn lórí láé.

"Ìyàwó wa," ni Gbọ́lá wí, "owó tó bá jókòó sí báǹkì, gbígbẹ ló ń gbẹ. Oko kòkó kan wà lọ́hùn-ún ní Àfọ̀, ẹni tó ni ín fẹ́ tà á. Ìwọ mú owó wá, èmi á mú agbára wá. Èrè tó bá wọlé, ká pín in sí méjì dọ́gba."

Jemimah ní ó dáa, pé òun á máa wá wo oko náà lóòrèkóòrè. Gbọ́lá mi orí. Ó ní èèwọ̀ ni. Ó ní nínú ìdílé àwọn, opó kì í tẹ oko kòkó kí ọdún mélòó kan tó kọjá, pé bó bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo èso orí igi ló máa rà. Jemimah ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé wo ni yóò bá ọmọ ilé jiyàn lórí èèwọ̀ ilé? Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ni pé kó bẹ̀rù èèwọ̀ ju ọlọ́pàá lọ. Ó gbà. Àṣìṣe ńlá gbáà nìyẹn, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún kìíní, Gbọ́lá ní àrùn mú kòkó dúdú lórí igi. Ọdún kejì, ó ní olè ká a. Ọdún kẹta ni kòkó gbówó lórí débi pé àwọn tó ní igi díẹ̀ lẹ́yìnkùlé ń ra ọkọ̀. Gbọ́lá ní òjò ni. "A tún pàdánù, ìyàwó wa." Tẹ̀dùntẹ̀dùn ló fi ń sọ ọ́, ó ń mi orí, iyán tí Jemimah gún fún un sì ń lọ sọ́nà ọ̀fun ẹ̀ láìsí wàhálà.

Jemimah kì í ṣe òmùgọ̀. Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, tí gbogbo ẹbí pé jọ sí ilé ńlá wọn ní Ìlórò, ó béèrè lọ́wọ́ Gbọ́lá níwájú gbogbo wọn pé báwo ni kòkó ṣe ń mówó wọlé fún gbogbo ayé, tó jẹ́ pé tiwọn nìkan ló ń gbé e jáde. Jẹ́jẹ́ ló béèrè. Gbọ́lá gbé àwo ẹran ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀.

"Mi ò fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀," ló wí, "ṣùgbọ́n ẹ ti fà á yọ lẹ́nu mi. Kò sí ohun tó ń ṣe oko. Orí ẹni tó mú owó wá ló burú. Ọkọ kú mọ́ ọn lọ́wọ́, oko náà ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Èmi tí mo bá a da nǹkan pọ̀ ni kí ẹ máa bá kẹ́dùn."

Kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́. Màmá Veronica, ìyá àgbà tó jẹ́ olórí ẹbí, ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Àwọn ìyàwó ilé yòókù wo ilẹ̀. Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ náà ti rìn yí Ọ̀wọ̀ po.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ta ló fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù olórí burúkú ṣe ìpìlẹ̀ ilé tuntun? Ká ní aṣọ ni Jemimah ń tà ni, wọn ì bá ṣì máa rà á, torí aṣọ téèyàn ò bá fẹ́ mọ́, á bọ́ ọ sọnù. Ilé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan tó ti san owó àkọ́kọ́ sílẹ̀ wá gbà á padà, ó ní ìyàwó òun ò gbà. Òmíràn ní òun á ra ti fẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n ti inú ilé, kó má bínú, òun ti ní ibòmíràn. Ewéko hù láàárín búlọ́ọ̀kù tó tò sílẹ̀. Ó dá méjì nínú àwọn ọmọṣẹ́ ẹ̀ dúró, kò sì lè wo ojú wọn bó ṣe ń sọ ọ́ fún wọn. Nígbà mìíràn, òun gan-an á wo ara ẹ̀ nínú dígí, á bi ara ẹ̀ pé àbí òótọ́ ni. Èyí ló dùn ún jù. Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ láyé: kí ẹnu tó sọ pé orí òun burú fúnra ẹ̀ sọ pé kò burú, kí ayé sì gbọ́ ọ.

Nígbà tí àsìkò owó-orí dé, Rọ́fíàt tó ń ta sìmẹ́ǹtì fún un ló gbà á nímọ̀ràn. Ó ní ìjọba máa ń ro ti ẹni tó bá pàdánù, pé kó lọ sọ àdánù oko náà fún wọn, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú èrè búlọ́ọ̀kù, owó-orí ẹ̀ á sì fúyẹ́. Jemimah lọ sí ọ́fíìsì owó-orí. Ọmọ Àkókó kan tó ń jẹ́ Abdulfatai ló bá níbẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀ kó tó sọ ohun tí kò ní dùn mọ́ ẹ nínú.

Abdulfatai gbọ́ ọ tán, ó bọ́ gíláàsì. "Mà, ṣé ẹ máa ń ṣiṣẹ́ lóko náà?"

"Rárá o. Opó ni mí. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ń gba lébìrà síbẹ̀? Ṣé ẹ̀yin lẹ ń ta kòkó ọ̀hún?"

"Owó ni mo mú wá. Lẹ́yìn ìyẹn, mo káwọ́ lẹ́rán."

"Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Búlọ́ọ̀kù ni iṣẹ́ tí ẹ ń fi ọwọ́ yín ṣe. Ní ti oko yẹn, owó yín nìkan ló ń bá yín ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àdánù ibẹ̀ ò lè fo ògiri wá síbi búlọ́ọ̀kù kó wá bá yín dín owó-orí kù. Tí a bá gbà bẹ́ẹ̀, olówó kan á kàn máa fi owó sí oko tó ń pàdánù káàkiri, kò sì ní san kọ́bọ̀ lórí èyí tó ń jèrè."

"Àdánù mi wá sọnù nìyẹn?"

"Kò sọnù, mà. Ó jókòó sórí oko tó ti wá, ó ń dúró. Lọ́jọ́ tí oko yẹn bá jèrè, àdánù yẹn la máa kọ́kọ́ yọ kúrò nínú èrè náà, ká tó bu owó-orí lé èyí tó bá kù."

Kò dùn mọ́ Jemimah nínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà yé e. Ó sọ àdánù ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí Gbọ́lá ṣe sọ ọ́ fún un, ó sì fọwọ́ sí i. Báyìí ni obìnrin yìí ṣe fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ gbé irọ́ Gbọ́lá wọ ọ́fíìsì ìjọba, tó tún fi orúkọ ara ẹ̀ tì í lẹ́yìn. Ó san owó-orí búlọ́ọ̀kù láìsí ẹ̀dínwó, ó lọ sílé.

Ní gbogbo àsìkò tí ọjà ò yá yẹn, oníbàárà kan ṣoṣo ló dúró tì í. Kingsley lorúkọ ẹ̀, bíríkìlà tó ń kọ́ ilé olókè kan ní Ìpele. Ìgbàkúùgbà ló ń ránṣẹ́ kó búlọ́ọ̀kù, ti ìpìlẹ̀, ti òkè, kò bẹ̀rù orí ẹnikẹ́ni. Jemimah ní òun gbọ́dọ̀ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé náà. Ó ra àkùkọ kan tó sanra, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìpele.

Ilé náà ga, fèrèsé ẹ̀ tóbi, wọ́n ti ń rẹ́ ẹ. Jemimah mọ búlọ́ọ̀kù ẹ̀ níbi tí wọn ò tíì rẹ́. Inú ẹ̀ dùn, ó béèrè onílé.

"Wọn ò sí níbí lónìí," ni Kingsley wí. "Ṣùgbọ́n ìdílé kan náà kọ́ ni yín ni, mà? Bọ̀dá Gbọ́lá tó ní oko kòkó ní Àfọ̀ ló nilé. Bí wọ́n bá ti wọn kòkó tán báyìí, owó ti dé ọwọ́ mi nìyẹn. Láti ìpìlẹ̀ ni wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé búlọ́ọ̀kù ìyàwó àwọn ni kí n lò, wọ́n ní kò sí èyí tó lágbára tó o ní gbogbo Ọ̀wọ̀. Mo rò pé ẹ mọ̀ ni."

Jemimah ní òun mọ̀. Ó ní òun kàn ń kọjá lọ ni. Ó fún àkùkọ náà mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń ké. Ẹ gbọ́, bó bá jẹ́ olè jíjà nìkan, ó lè jẹ́ pé yóò sunkún, yóò sì gbé e fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n Gbọ́lá mọ̀. Ó mọ̀ pé kò sí nǹkan kan tó ṣe orí Jemimah. Ó ba búlọ́ọ̀kù náà lórúkọ jẹ́ fún gbogbo ìlú, ó wá fi í kọ́ ilé tara ẹ̀ láti ìpìlẹ̀ dókè. Jemimah gbé àkùkọ náà padà sílé, ó pa á, ó sè é, òun nìkan ló jẹ ẹ́ tán. Ó ń jẹ ẹ́, omi ń jáde lójú ẹ̀, kì í sì í ṣe ata.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ sí Àfọ̀. Ó bọ́ bàtà kí ẹsẹ̀ ẹ̀ lè tẹ ilẹ̀ oko náà dáadáa. Kòkó pọ́n lórí igi, òmíràn so mọ́ ìdí igi níbi tí ọmọdé lè fọwọ́ kàn án. Kò sí èyí tó rà. Lébìrà tó ń sá kòkó sóòrùn kí i, ó bi í pé ta ló ń wá. Jemimah ní òun ló loko. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ọkùnrin ló loko yìí.

Láti ibẹ̀, ọ̀dọ̀ Màmá Veronica ló gbà lọ. Ó kúnlẹ̀, ó béèrè èèwọ̀ opó àti oko kòkó.

"Èèwọ̀ ta ni?" ni ìyá àgbà wí. "Ọdún tí ọkọ mi kú gan-an ni mo gbin kòkó tèmi. Bí opó ò bá wọ oko, ta ni yóò bọ́ ọmọ ẹ̀?"

Jemimah ro gbogbo ẹ̀ fún un. Màmá Veronica pe ẹbí jọ. Gbọ́lá dé, ara ẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó ní àna òun tó wà lókè òkun ló ń fi owó ilé ránṣẹ́. Ó ní oko pàdánù, ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pàdánù. Ó ní kí wọ́n gbé Bíbélì wá, wọ́n gbé e wá, ó dì í mú, ó búra, ọwọ́ ẹ̀ ò gbọ̀n rárá. Ó tún fi kún un pé òun ò yí ọ̀rọ̀ òun padà, orí tó burú, burúkú ni.

Àwọn àgbà wo ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí níbi gbogbo. Ẹni tó bá le lójú ni wọ́n máa ń gbà gbọ́, ẹni tó ń sunkún ni wọ́n máa ń bẹ̀. "Jemimah," ni Màmá Veronica wí, ó rẹ̀ ẹ́, "jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Má gbé ẹbí lọ sí kóòtù."

"Mi ò ní lọ sí kóòtù, Màmá," ni Jemimah wí. Ó kí wọn tán, ó lọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ó rò ó pé kí òun gba katapílà lọ wó ilé Ìpele. Ó rò ó pé kí òun gé gbogbo igi kòkó yẹn nídìí. Ṣùgbọ́n bó bá wó ilé, wọ́n á ní ọ̀dájú ni. Bó bá gé igi, wọ́n á ní ẹ wá wo orí burúkú náà, ó ti ṣe é tán. Kì í ṣe ilé Gbọ́lá ló ń fẹ́. Ẹnu Gbọ́lá ló ń fẹ́. Ibi tó ti ń po yanrìn mọ́ sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ló ti rántí pé àdánù kan wà tó ń dúró de òun ní ọ́fíìsì owó-orí. Ó dá ṣọ́bìrì dúró. Ó fọ ọwọ́, ó paṣọ dà, ó lọ.

"Mo fẹ́ kó àdánù mi kúrò," ló sọ fún Abdulfatai.

Abdulfatai bọ́ gíláàsì. "Mà, ẹni tó bá ní àdánù nílẹ̀ kì í kó o kúrò o. Bí kòkó bá jèrè lọ́dún yìí, òun ló máa gbà yín lọ́wọ́ owó-orí."

"Kò sí àdánù kankan. Oko náà jèrè. Irọ́ ni mo gbé wá síbí, mi ò mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń wọn kòkó ní Àfọ̀, kí ẹ sì wo ilé tí wọ́n fi owó ẹ̀ kọ́ ní Ìpele."

"Bó bá jèrè, á jẹ́ pé owó-orí wà lórí èrè ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdajì ni tiyín. Ẹ̀yin lẹ máa san ti ìdajì yẹn, pẹ̀lú owó ìtanràn pé ó pẹ́."

"Mo gbọ́."

"Mà, èrè tí ẹ ò jẹ ni. Ẹ ò rí i sójú."

"Mo ní mo gbọ́, ọmọ mi. Bí mo bá san án, ṣé ìjọba á gbà pé èrè wà?"

"Ìjọba ò lè gba owó-orí lórí ohun tí kò sí."

"Ẹni kejì ńkọ́?"

Abdulfatai dá gíláàsì padà sójú. "A máa pè é, mà. Òun náà á wá fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́."

Nígbà tí Rọ́fíàt gbọ́, ó fọwọ́ lérí. Ó ní Gbọ́lá jí èrè jẹ, Jemimah tún fẹ́ lọ san owó-orí lórí ohun tó jí, pé ṣé orí ẹ̀ pé? Jemimah ní kàkà kí eku má jẹ sèsé, á fi ṣe àwàdànù. Kò sì ní owó náà nílẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá tó ń gbọn búlọ́ọ̀kù, tó ń mú iṣẹ́ ẹ̀ yá ju tàwọn tó kù lọ, ló tà. Àwọn tó rà á wá gbé e lọ lójú ẹ̀. Ó padà sí fífi ọwọ́ yọ búlọ́ọ̀kù bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ bó, ìbàdí ń dùn ún, bó sì ṣe ń dùn ún tó, bẹ́ẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń ba àwọn ọmọṣẹ́ tó kù.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pe àwọn méjèèjì, ọ́fíìsì owó-orí kún fọ́fọ́, torí àsìkò tí àwọn oníṣòwò ń sáré wá san tiwọn ni. Àwọn agbaṣẹ́ṣe wà níbẹ̀, àwọn oníṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, ọkùnrin tó gba owó búlọ́ọ̀kù ẹ̀ padà pé ìyàwó òun ò gbà náà jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà. Gbọ́lá ò dá wá. Ó ti háyà ọkọ̀, ó kó Màmá Veronica àti àwọn àgbà ẹbí méjì wá kí wọ́n lè bá òun bẹ Jemimah. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi kó ẹlẹ́rìí wá, kò sì mọ̀.

"Jemimah," ni ìyá àgbà wí, "Gbọ́lá ní kí n bẹ̀ ọ́ kó o kó ọ̀rọ̀ ẹ padà. Ó ní ọwọ́ ìjọba le."

"Ọ̀rọ̀ ò sí lọ́wọ́ mi mọ́, Màmá. Ẹ jẹ́ kí ọkọ mi sọ fún wọn pé oko pàdánù, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún ẹ̀yin. Ó parí nìyẹn."

Abdulfatai fa àga fún Gbọ́lá. "Ọ̀nà méjì ló wà, sà. Bí oko bá pàdánù, ẹ fọwọ́ sí ìwé ìbúra yìí. A ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wọn kòkó, a ó sì béèrè owó tó kọ́ ilé Ìpele. Bó bá wá jẹ́ pé irọ́ lẹ búra, ó ti di ẹjọ́ nìyẹn. Bó bá jèrè, ẹ san tiyín, kí ẹ máa lọ sílé yín ní wọ́ọ́rọ́wọ́."

Gbọ́lá mú ìwé náà. Ọkùnrin tó di Bíbélì mú láìwárìrì, ìwé ìjọba ń gbọ̀n lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wo Màmá Veronica, ó wo Jemimah, ó wo ìwé náà.

"Ó jèrè," ló wí sínú àyà ara ẹ̀.

"Ọdún wo, sà?"

"Ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Kí ló wí?" ni Màmá Veronica béèrè.

Jemimah dìde, ó wá síwájú Gbọ́lá, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì bó ṣe yẹ kí ìyàwó ilé kúnlẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wí. Etí Màmá ò já geere mọ́, àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà ò sì gbọ́. Bí ẹ bá ti ń sọ ọ́, ẹ fi ti orí mi kún un."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ti na ọrùn. Gbọ́lá nu ojú ẹ̀ pẹ̀lú etí agbádá. Kò sẹ́ni tó bá a bẹ̀bẹ̀, àní àwọn tó háyà ọkọ̀ fún gan-an.

"Oko náà jèrè," ló wí, ohùn ẹ̀ sì jáde dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. "Èmi ni mo jẹ ẹ́. Orí Jemimah ò burú."

Jemimah dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò lára ìró, ó lọ síwájú tábìlì Abdulfatai, ó san owó-orí èrè tí kò jẹ, títí dórí owó ìtanràn. Nígbà tó san án tán, ó yíjú padà sí Gbọ́lá níbi tó jókòó sí.

"Ọkọ mi," ló wí, jẹ́jẹ́, "mo ti san owó-orí ìdajì. Ìdajì náà dà?"